Oṣù Wo Ló Yẹ Ká Gbé Ìyàwó?

Aago mẹ́ta òru kò tíì lù ní Sátidé, ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2019, nígbà tí Mahmood Yakubu, alága àjọ elétò ìdìbò INEC nígbà náà, jáde sí àwọn oníròyìn l'Ábùjá. Ó ní ìdìbò ààrẹ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ti yẹ̀. Ó di Sátidé tó ń bọ̀, ọjọ́ 23.

Inú bí àwọn olóṣèlú. Inú bí àwọn tó ti wọkọ̀ lọ sílùú wọn láti dìbò. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ náà dùn wọ eegun: àwọn ìdílé tó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé 16 ni ìdìbò, tí wọ́n sì ti fọgbọ́n gbé ìgbéyàwó ọmọ wọn sí 23. Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ ìdìbò ní Nàìjíríà, ọkọ̀ kì í rìn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ìyá kan l'Ábẹ́òkúta, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lára àwọn tó fẹ́ wọlé ọkọ lọ́jọ́ náà, sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ló pe òun lóru. Aṣọ ẹbí ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, káàdì ti dé ọwọ́ èèyàn, alásè ti gba ìdajì owó rẹ̀. "Mo ní kí wọ́n má jí ọmọ náà," ó ní. "Kí ló fẹ́ jí wá ṣe?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Ìdìbò gómìnà tó yẹ kó wáyé ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta náà ti sún sí ọjọ́ 9. Ọjọ́rú Eérú, tí Lẹ́ńtì fi ń bẹ̀rẹ̀, sì bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kẹta lọ́dún yẹn. Ìjọ Áńgílíkà ni ìdílé náà, ṣọ́ọ̀ṣì wọn kì í so tọkọtaya pọ̀ nígbà Lẹ́ńtì. Sátidé kan ṣoṣo ló wá kù láàrin: ọjọ́ 2 oṣù kẹta gan-an, ọjọ́ tí gbogbo èèyàn ti ń sá fún tẹ́lẹ̀ nítorí ìdìbò gómìnà. Bí wọn kò bá rí i mú, ó di ẹ̀yìn Àjíǹde, ìyẹn ẹ̀yìn ọjọ́ 21 oṣù kẹrin. Gbọ̀ngàn tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè fún ọjọ́ náà lánàá di ohun tí ìdílé mẹ́rin ń du kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá náà rí i gbà, àmọ́ ó fi owó lé e.

Sátidé 52, ìwọ̀nba ló ṣẹ́ kù

Sátidé 52 ló wà nínú ọdún. Ẹni tí kò tíì bá wọn jókòó nípàdé ẹbí rí lè rò pé ìyẹn ti pọ̀ tó. Tí wọ́n bá gbé kàlẹ́ńdà sílẹ̀ tán, ìlà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fà gba orí ọjọ́. Bàbá ìyàwó ní ìpàdé ọlọ́dọọdún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ kò lè wá lóṣù tí ìjọ rẹ̀ ń ṣe àpéjọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ tó wà ní London ti lo ìsinmi rẹ̀ tán. Àbúrò bàbá tó kú lọ́dún tó kọjá, ìrántí rẹ̀ wà ní òpin oṣù kẹwàá.

Ẹ̀sìn ló ń pa ọjọ́ jẹ jù. Ẹ wo ọdún 2025. Ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5. Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí Sọ́ńdè, ọjọ́ 30 oṣù náà, Àjíǹde sì di ọjọ́ 20 oṣù kẹrin. Sátidé márùn-ún ló wà nínú oṣù kẹta ọdún yẹn, ààwẹ̀ ló gba gbogbo wọn, Lẹ́ńtì sì tún jókòó lórí mẹ́rin nínú wọn. Ibòmíì lè wà tí ìyẹn kò ti já mọ́ nǹkan kan. Nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí ìyá ti lè jẹ́ Àlàájà kí ọmọ rẹ̀ jẹ́ díákónì, tí àna Mùsùlùmí àti àna Kìrìsìtẹ́nì yóò jọ dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní kan náà, oṣù kẹta ọdún 2025 kò sí nínú kàlẹ́ńdà ìgbéyàwó ọ̀pọ̀ ìdílé.

Ààfáà kan ní Ìwó ní kí wọ́n má ṣi òun gbọ́. "Yìgì kò léèwọ̀ nínú ààwẹ̀. Ẹni tó wà nínú ìhàrámù Hajj ni kò gbọdọ̀ so ó. Àsè yín lẹ kò lè jẹ lọ́sàn-án." Ó fi kún un pé inú oṣù Shawwal, oṣù tó tẹ̀lé ààwẹ̀, ni Ànábì fẹ́ Aisha, nígbà tí àwọn Lárúbáwá ìgbà náà ń wo oṣù yẹn bí oṣù aburú fún ìgbéyàwó. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé bí ààwẹ̀ bá ti ń parí, àwọn tó ń yá àga àti kánópì kì í ráyè sùn.

Ìṣẹ̀ṣe náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn àti Ìkòròdú, ọjọ́ wà tí Orò ń jáde tí obìnrin kò gbọdọ̀ yọjú síta. Ní Ìjẹ̀bú, àwọn obìnrin kì í fojú kan Agẹmọ. Ní Erékùṣù Èkó, ọjọ́ Èyò ni ọjọ́ tí a kì í wọ bàtà, tí a kì í di ṣùkú, tí a kì í wé gèlè lójú ọ̀nà Èyò. Sátidé sì ni ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2017 tí Èyò jáde fún àjọ̀dún àádọ́ta ọdún Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìnáwó wo ló fẹ́ wáyé ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́jọ́ tí gèlè kò gbọdọ̀ jáde?

Òjò tí a kò fìwé pè

Lọ́jọ́ 8 oṣù keje ọdún 2017, Sátidé bákan náà, òjò sọ àwọn òpópónà Lẹ́kí àti Victoria Island di odò. Fídíò ẹnì kan tó ń tu ọkọ̀ ojú omi kékeré lójú títì lọ káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Agbègbè yẹn sì ni ọ̀pọ̀ nínú gbọ̀ngàn olówó ńlá tí wọ́n fi ń ṣègbéyàwó l'Ékòó wà.

Kò yẹ kí ìyẹn bá ẹnikẹ́ni lójijì. Afẹ́fẹ́ olómi tó ń fẹ́ láti orí òkun Àtìláńtíìkì ló ń gbé òjò wá sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Àkọ́rọ̀ òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta. Ó máa ń le jù nínú oṣù kẹfà, á dẹwọ́ díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún padà wá pẹ̀lú agbára nínú oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Lẹ́yìn àrọ̀kúrò ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà á gba ojú ọ̀run, ọyẹ́ á dé. Lọ́dọọdún ni àjọ NiMet ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde nípa ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá. Tìtorí àgbẹ̀ àti ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣètò ìnáwó náà ti ń kà á.

Ìsinmi òjò inú oṣù kẹjọ ló ń tan èèyàn jù. Ọmọ ilé ìwé wà nílé, àwọn olùkọ́ ráyè, òjò dẹwọ́, ojú ọjọ́ sì tutù ju ti oṣù kejì àti ìkẹta lọ, nígbà tí oòrùn ń yọ́ àtíkè lójú ìyàwó kí wọ́n tó pe tọkọtaya síta. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni ẹ̀kún omi gba Ìbàdàn, tó wó afárá, tó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Inú oṣù tí wọ́n ní òjò ń sinmi ni.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé iṣẹ́ àwọn tó ń mú òjò dúró kò tíì parẹ́. Obìnrin kan tó ń ṣètò ìnáwó ní Ìbàdàn sọ pé òun ṣì máa ń rí owó wọn nínú ìwé ìnáwó àwọn oníbàárà òun, títí kan àwọn tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ. Wọn kì í kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, "oríṣìíríṣìí" ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá wọ́n máa ń dá owó padà tí òjò bá rọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n á ní ìwọ̀nba lẹ rí yẹn, pé ká ní àwọn kò sí níbẹ̀ ńkọ́?"

Ohun tí kò pa á lẹ́rìn-ín ni pé òjò kì í kan gbogbo èèyàn bákan náà. Ẹni tó lówó gbọ̀ngàn lè gbéyàwó nínú oṣù keje, kó má tilẹ̀ mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Ẹni tó fẹ́ dí àdúgbò, tó fẹ́ ta kánópì sí ojúlé bàbá rẹ̀ ní Mushin tàbí ní Ọjà-Ọba, ni oṣù jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá fún.

Iṣu méjìlélógójì

Nínú ẹrù ìdána tí ìdílé ìyàwó ń kọ fún ọkọ, iṣu 42 ló wọ́pọ̀. Obì 42, orógbó 42, ataare 42. Iye yìí kì í yí padà. Ohun tí oṣù ń yí padà ni owó rẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún, iṣu àtijọ́ ló kù lọ́jà. Ó ti gbẹ, ó ti ń hù, ó sì wọ́n. Obìnrin kan tó ń ta iṣu ní ọjà Bódìjà ní òun máa ń dá ọkọ ìyàwó mọ̀ lóṣù náà láti òkèèrè. "Á kọ́kọ́ bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà, á wò yí ká bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò bá a san." Láti oṣù keje ni iṣu tuntun ń yọjú. Títí di oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, ó ti kún ọjà, ó tóbi, ó ṣeé tò fún fọ́tò. Àkókò yẹn náà ni ìkórè obì ń lọ lọ́wọ́.

Ọbẹ̀ ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ tòmátì tí alásè ń fi se ọbẹ̀ l'Ékòó àti Ìbàdàn, láti òkè ọya ló ti ń wá: Kánò, Kàdúná, Kàtsínà, Jigawa. Oko tí wọ́n ń bomi rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, nítorí náà ó máa ń pọ̀ láti nǹkan bí oṣù kejìlá títí di oṣù kẹrin. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀wọ́n. Ọdún 2016 ló burú jù tí ọ̀pọ̀ alásè rántí. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run, ìjọba Kàdúná sì kéde pàjáwìrì lórí rẹ̀ nínú oṣù karùn-ún. Kọmíṣọ́nà ètò ọ̀gbìn níbẹ̀ sọ pé apẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n ń ta ní 1,200 náírà ní oṣù mélòó kan ṣáájú ti lé ní 40,000 náírà. Alásè kan ní Mushin tó ti gba owó ìnáwó mẹ́ta sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ní tátàṣé àti tòmátì inú agolo ló gba òun. "Àwọn àlejò ní ọbẹ̀ pọ́n dáadáa. Mo ní ẹ ṣé."

Iléyá náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́n tó ń lọ ra màlúù ìnáwó lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú Iléyá. Bó bá sì jẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde ni àna wà, kó rántí pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, kò sí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tí yóò ṣẹ́ kù fún àlejò ìyàwó.

Dìsẹ́ńbà, oṣù àlejò

Pẹ̀lú gbogbo èyí, bí a bá ní kí ọmọ Yorùbá mú oṣù kan, oṣù kejìlá ni ọ̀pọ̀ yóò mú. Òjò ti lọ. Ilé iṣẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́. Àwọn tó wà ní London, Houston àti Toronto ń bọ̀ wálé fún ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní Detty December, pọ́n-ùn àti dọ́là sì wà lápò wọn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa sọ iye náírà, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 470 náírà ti gòkè kọjá 1,500 láàrin ọdún 2024. Ẹni tó ń ná 100 dọ́là lójú agbo kò dà bí ẹni tó ń ná owó oṣù rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Àtijọ́, àlejò ìyàwó kò jìnnà. Lẹ́yìn ìfojúsóde, ìtọrọ, ìjọ́hẹn àti ìdána, Ifá ni wọ́n ń bi léèrè ọjọ́, iṣẹ́ oko ni wọ́n sì ń wò. Ọkọ ìyàwó ló ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna. Ta ni yóò wá gbé ìyàwó nígbà tí èbè kò tíì kọ tán? Alẹ́ ni wọ́n ń sin ìyàwó lọ. Láàrin àwọn Ọ̀yọ́, ó ti fi ẹkún ìyàwó dágbére fún ìyá àti bàbá kó tó kúrò nílé. Wọ́n á fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Ọkọ kò sì sí níbẹ̀, nítorí ẹni tí à ń gbé ìyàwó bọ̀ wá fún kì í garùn. Oko ló ń sọ oṣù nígbà náà. Lónìí, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ló ń sọ ọ́.

Àlejò Dìsẹ́ńbà kì í sì í ṣe tìrẹ nìkan. Ọkùnrin kan tó ń ṣàkóso gbọ̀ngàn ní Ìkẹjà sọ pé Sátidé inú oṣù kejìlá lè ti tán lọ́wọ́ òun ní ọdún kan ṣáájú, àti pé òun ti rí i tí àlejò kan náà fi aṣọ ẹbí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọ inú mọ́tò láàárọ̀. Á jẹ ìrẹsì níbí, á jó díẹ̀ lọ́hùn-ún, á gba ẹ̀bùn níbi kẹta, á lọ. Òṣìṣẹ́ báǹkì kan, obìnrin, sọ ọ́ láìfi bò: "Mo fẹ́ràn yín, àmọ́ aṣọ ẹbí kẹfà nìyí. Gèlè nìkan ni mo máa rà." Télọ̀ tó ṣèlérí Wẹ́sìdeè yóò mú aṣọ wá ní àárọ̀ Sátidé, tí bọ́tìnnì kò sì ní sí lára rẹ̀.

Ojú ọ̀nà ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ tí ìjọ Redeemed ń ṣe àpéjọ ńlá wọn ní Redemption City nínú oṣù kejìlá, kí ẹni tó bá ń kó èrò láti Èkó lọ gbé ìyàwó ní Ìbàdàn yáa gbéra lálẹ́ Fúráìdè. Bí ọyẹ́ bá sì dé tó nípọn, bàálù lè máà gbéra, ìyẹn ni pé bàbá ìyàwó tó ń ti Àbújá bọ̀ lè wà ní pápákọ̀ nígbà tí alága ìdúró ń bá alága ìjókòó ṣàwàdà.

Lẹ́yìn náà ni Jánúárì, pẹ̀lú owó ilé ìwé àti owó ilé. Tọkọtaya tó gba àlejò ẹgbẹ̀rún kan ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá lè máa ka owó ọkọ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní. Ní tòótọ́, oṣù àlejò ni Dìsẹ́ńbà. Kì í ṣe oṣù tọkọtaya.

Oṣù kọkànlá, àti ohun tó ń bọ̀

Bí ó bá jẹ́ pé àwọn méjì tó fẹ́ra wọn ló ń sanwó, oṣù kọkànlá ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Àrọ̀kúrò ti ń lọ, ọyẹ́ kò tíì dé. Iṣu àti obì wà. Iléyá ti lọ ní ti àwọn ọdún wọ̀nyí, Lẹ́ńtì jìnnà. Kìkì ìjọ Àgùdà àti Áńgílíkà ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ òpin oṣù, nígbà tí Ádífẹ́ńtì bá ń wọlé. Olórin tí kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni ní Dìsẹ́ńbà ń gbé fóònù rẹ̀. Ayàwòrán kan ní Abẹ́òkúta ní òun máa ń dín owó kù lóṣù náà, "nítorí ìmọ́lẹ̀ dára, mo sì ṣì lókun." Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn ará òkè òkun kò ní wá. Fún àwọn kan, àǹfààní gan-an nìyẹn.

Àárín oṣù kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ló tẹ̀ lé e, fún ẹni tó bá lè fara da ọyẹ́ àti àlejò tí kò lówó lọ́wọ́. Ọjọ́bọ̀ àti Fúráìdè tí wọ́n ti ń fi ṣe ìdána tún jẹ́ ọ̀nà kan: gbọ̀ngàn a máa rọjú, ẹni tó bá sì gba ìsinmi níbi iṣẹ́ nítorí yín, ẹ mọ̀ pé ó fẹ́ràn yín.

Oṣù yòówù kí wọ́n mú, òfin ní ìṣirò tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ìgbéyàwó rẹ̀ wà lábẹ́ òfin ìjọba gbọ́dọ̀ fi ìwé sílẹ̀ ní kóòtù ìgbéyàwó, ọjọ́ 21 á kọjá kó tó gbàwé àṣẹ, bí wọn kò bá sì ṣe é láàrin oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé náà sílẹ̀, ó ti bàjẹ́, wọ́n á tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ kò ka ìlà yẹn títí di ọdún 2020. Lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún náà ni ìjọba ti Èkó àti Àbújá pa nítorí kòrónà. Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, nítorí náà àwọn tó ti fi sùúrù dúró kí Lẹ́ńtì parí ni ilẹ̀kùn tì mọ́ lójú. Àwọn kan ṣe é níwájú èèyàn 20, wọ́n sì gbà pé kò burú. Àwọn míì dúró títí ìwé fi bàjẹ́.

Ìyípadà tó tóbi jù kò tíì dé. Ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ni Ramadan fi máa ń tètè dé ju ti èṣí lọ lọ́dọọdún. Ìṣirò oṣù ojú ọ̀run fi hàn pé ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò wáyé nínú ọdún 2030: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, àti lẹ́yìn Kérésìmesì. Ní 2031, yóò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 15 oṣù kejìlá. Ní 2032, ní nǹkan bí ọjọ́ 4. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn láàrin 1998 sí 2001, nígbà tí àlejò láti òkè òkun kò tíì pọ̀ tó báyìí, tí ìnáwó Dìsẹ́ńbà kò sì tíì di ọjà ńlá. Alásè Mushin tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, Mùsùlùmí ni. Wọ́n bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe nígbà náà. Ó ní aago méje alẹ́ lòun á máa gbé oúnjẹ kalẹ̀, owó iná àti owó ọkọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ òun á sì wà nínú rẹ̀, kí àwọn tó bá fẹ́ Dìsẹ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó jẹnẹrétọ̀ láti ìsinsìnyí.